Ẹsẹ̀ Èrò Ni Ìkòkò Ń Tẹ̀ Lé

  Ní oṣù yìí, ọ̀rọ̀ wa kì í ṣe ti aṣọ rírán, kì í sì í ṣe ti oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ òwò ni a fẹ́ sọ, òwò tí ó sún mọ́ ọwọ́ obìnrin ju òwò mìíràn lọ, èyí tí í ṣe oúnjẹ títà.

Ohun tí ó mú mi yàn án kò jìnnà. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi ti tún ń kó òṣìṣẹ́ láti Ìkòròdú lọ sí Èkó lówùúrọ̀, tí ó sì ń kó wọn padà bọ̀ nírọ̀lẹ́, ojú àwọn ènìyàn ti tún ń yí sí etí ọ̀sà. Ní agbègbè Èbúté àti Ìpakodò, ilé oúnjẹ ń yọjú, ilé ọtí ń yọjú, àwọn tí ń yan ẹja lórí ẹyín iná náà kò sì gbẹ́yìn. Ìbéèrè tí ó wá wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ìyàwó tí ń gbé ní àyíká Gáréèjì Ìkòròdú ni èyí: "Ṣé kí èmi náà gbé ìkòkò mi lọ sí etí omi?"

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Èsì tí mo ní fún un kò gùn. Ìkòkò a máa tẹ̀ lé ẹsẹ̀ èrò. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ka ẹsẹ̀ èrò kí ó tó dáná ni yóò jèrè. Ṣùgbọ́n bí etí omi náà bá lẹ́wà tán, ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́, tí kò sì ní ẹgbẹ́ lẹ́yìn, ni a óò kọ́kọ́ lé kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

ÈBÚTÉ LÁYÉ ÀTIJỌ́

Apá àríwá ọ̀sà Èkó ni Ìkòròdú wà. Kí ọ̀nà ọ̀dà tó dé, omi ni títì àwọn baba wa. Àwọn ará Rẹ́mọ a máa ru epo, ẹ̀kùrọ́ àti ìre oko sọ̀kalẹ̀ wá sí èbúté. Àwọn ará Èkó a máa fi ọkọ̀ gbé aṣọ, iyọ̀ àti ọjà òyìnbó wá pàdé wọn. Ibi ìpàdé náà ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di ohun tí a ń jagun lé lórí. Ní ọdún 1865, àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀nà òwò tí ó gba ibẹ̀ lọ sí Èkó. Glover, tí ó ń ṣàkóso Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ni ó rán ọmọ ogun lọ lé wọn kúrò. Ẹ kíyè sí i pé ẹnikẹ́ni kì í jagun nítorí ibi tí èrò kì í gbà.

Níbi tí a bá sì ti ń pàdé láti ṣòwò, ebi a máa pa ènìyàn. Alájàpá tí ó ti rìn láti àfẹ̀mọ́júmọ́, atukọ̀ tí ó ti fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ láti òru, gbogbo wọn ni yóò béèrè ohun tí wọn yóò fi sẹ́nu. Obìnrin ni ó ń dá wọn lóhùn, pẹ̀lú ẹ̀kọ, pẹ̀lú àkàrà, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ dá ohun tí a ń pè ní ilé oúnjẹ lónìí sílẹ̀ ní etí omi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ igi ni wọ́n ti ń tà, tí wọn kò sì kọ orúkọ sí pátákó kankan.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Èjìnrìn, ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ní ìgbà ayé àwọn baba ńlá wa, Èjìnrìn wà lára àwọn ọjà tí ó tóbi jù lọ ní etí ọ̀sà wa yìí. Ibẹ̀ ni ẹrù ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti ti òkè ti ń pàdé ọkọ̀ Èkó. Nígbà tí ó di ọdún 1901, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí ná Èkó sí Ìbàdàn. Ẹrù òkè bẹ̀rẹ̀ sí wọ ọkọ̀ ojú irin, ọ̀nà mọ́tò sì tún dé lẹ́yìn èyí, títí Èjìnrìn fi di ìlú kékeré tí a ń pìtàn ọjà rẹ̀. Ẹ ro ti àwọn obìnrin tí ń ta oúnjẹ níbẹ̀. Kì í ṣe pé ọbẹ̀ wọn kò dùn mọ́. Kì í ṣe pé wọ́n di ọ̀lẹ. Ẹsẹ̀ èrò ni ó yí padà. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú, a kò rí ẹnìkan.

GÁRÉÈJÌ GBA IPÒ ÈBÚTÉ

Bí ọ̀nà kan kò bá dí, ọ̀nà mìíràn kì í là. Nígbà tí mọ́tò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ omi, gáréèjì ni ó gba ipò èbúté. Ní Ìkòròdú, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibẹ̀ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Ṣàgámù, ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ́, ọ̀nà Ìgbógbó, àti èyí tí ó gba Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́, gbogbo wọn ni èrò ti ń bọ̀ wá sí àárín ìlú. Awakọ̀ ń jẹun, agbèrò ń jẹun, akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹun, oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ kò tíì tà náà ń jẹun. Owó tí ó tọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ dàgbà ní Ìkòròdú, láti inú ìkòkò etí gáréèjì ni ó ti jáde.

Gáréèjì náà kò sì dúró sójú kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, àwọn bọ́ọ̀sì ńlá BRT tí ó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rìn láti Ìkòròdú lọ sí Máìlì Kejìlá àti Èkó. Ẹ wo bí nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe lè yí òwò olóúnjẹ padà. Èrò tí ó ń dúró kí dánfó kún lè jókòó ti àwo àmàlà. Èrò tí ó tò sórí ìlà bọ́ọ̀sì kò lè fi ìlà sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà gba ipò rẹ̀. Ohun tí a dì sínú ewé tàbí sínú ọ̀rá ni yóò rà: mọ́ínmọ́ín, àkàrà, búrẹ́dì. Èrò kan náà ni, ebi kan náà ni, ṣùgbọ́n ìdúró rẹ̀ ti yàtọ̀. Olóúnjẹ tí ó bá tètè rí i yóò yí ọwọ́ padà. Èyí tí kò rí i yóò máa sọ pé ayé ti bàjẹ́.

OMI TÚN LÀ

Nísinsìnyí, omi tún ń là. Kì í ṣe òní ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí gbìyànjú rẹ̀. Ní ọdún 1983, nígbà ìjọba Alhaji Lateef Jakande, a ra ọkọ̀ ojú omi tí a sọ ní Bàbá Kékeré àti Ìtafàjì láti máa kó èrò. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rọ̀. Ní ọdún 2008, a dá iléeṣẹ́ tí ń ṣàkóso ọ̀nà omi Èkó sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí LASWA. Ní oṣù kejì ọdún 2020, ọkọ̀ LAGFERRY tí í ṣe ti ìjọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Ìkòròdú sì wà lára èbúté tí ó ń ná. Ní ọdún 2025, a tún ṣí iṣẹ́ ńlá tí a pè ní Omi Èkó, pẹ̀lú owó láti ilẹ̀ Faransé àti láti ọ̀dọ̀ àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, kí ọkọ̀ àti èbúté lè pọ̀ sí i.

Ìdí tí èrò fi ń padà sí omi kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tí ó gba orí títì láti Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù Èkó lè lo wákàtí méjì tàbí mẹ́ta nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Bí omi bá tòrò, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lè gbé e dé Èbúté Èrò, Marina tàbí Falomo kí wákàtí kan tó pé. Bàbá tí ó bá ń tètè délé yóò rí ojú ọmọ rẹ̀ kí ọmọ tó sùn. Èrè ilé ni èyí kí ó tó di èrè òwò.

Wàyí o, ìwọ tí o fẹ́ gbé ìkòkò lọ síbẹ̀, fara balẹ̀ ka ẹsẹ̀ èrò. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ, ìkánjú sì ni wọ́n fi ń lọ. Ní ọ̀sán, èbúté a máa dákẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń bọ̀, pẹ̀lú àárẹ̀ àti ebi. Ọkọ̀ èrò kì í sì í rìn lóru, nítorí òfin kò gbà á. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rò pé èrò ọkọ̀ ni yóò kún ilé ọtí òun di ọ̀gànjọ́ òru ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Àwọn tí ń jókòó pẹ́, ará ìlú ni wọ́n, òpin ọ̀sẹ̀ sì ni wọ́n sábà máa ń wá láti gba atẹ́gùn, kí wọ́n jẹ ẹja yíyan. Ọjà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Má ṣe dà wọ́n pọ̀ nínú ìṣirò rẹ.

Má sì ṣe gbàgbé pé omi ní àkókò tirẹ̀. Bí ìjì bá dé, ọkọ̀ yóò dúró. Bí ewéko tí ń léfòó bá bo ojú ọ̀sà, ọkọ̀ yóò máa falẹ̀. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọbẹ̀ tí o ti sè yóò wo ọ́ lójú, ìwọ náà yóò sì wò ó. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹni tí ó ní ààyè ní Gáréèjì má ṣe yára jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, tàbí ọ̀rẹ́ méjì tí inú wọn mọ́ sí ara wọn, kí ọ̀kan wà ní títì, kí èkejì wà létí omi.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍBÒMÍRÀN

Kì í ṣe Ìkòròdú nìkan ni èbúté ti ń kú tí ó sì ń jí. Ní ìlú Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èbúté kan wà tí a ń pè ní Albert Dock. Nígbà tí ọkọ̀ òkun tóbi kọjá ohun tí ó lè gbà, iṣẹ́ tán níbẹ̀, a sì tì í ní ọdún 1972. Ní ọdún 1988 ni a tún un ṣí. Àwọn ilé tí a ń kó ẹrù sí tẹ́lẹ̀ ti di ilé oúnjẹ, ilé ìtajà àti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Oúnjẹ àti ìgbafẹ́ ni ó ń mú ènìyàn wá síbẹ̀ báyìí, kì í ṣe ẹrù. Irú ìyípadà yìí dára fún ìlú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè obìnrin ni pé: ta ni yóò ni ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ibẹ̀ bá dára tán?

Ní Zanzibar, ní etíkun ìlà oòrùn Áfíríkà, ọgbà kan wà létí omi tí a ń pè ní Forodhani. Alaalẹ́ ni àwọn tí ń ta ẹja yíyan àti oríṣìíríṣìí oúnjẹ ń pàtẹ níbẹ̀. Nígbà tí àjọ Aga Khan tún ọgbà náà ṣe, tí a sì tún un ṣí ní ọdún 2009, àwọn olóúnjẹ padà sínú rẹ̀. A kò sọ pé kí wọ́n máa lọ nítorí pé ibẹ̀ ti lẹ́wà. Ohun tí ó yẹ kí a máa béèrè nìyẹn.

Ẹ má sì rò pé ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí obìnrin Èkó. Ẹ rántí Alimotu Pelewura, ìyá tí ń ta ẹja ní ọjà Eréko, tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó, tí ó sì kú ní ọdún 1951. Kò lọ sí ilé ìwé òyìnbó. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba òyìnbó fẹ́ kó ọjà Eréko kúrò ní àyè rẹ̀ ní nǹkan bí àárín ọdún 1930 sí 1940, òun ni ó ṣíwájú àwọn obìnrin láti kọ̀. Nígbà ogun Hitler, tí ìjọba tún fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá iye lé gàrí àti oúnjẹ mìíràn, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ni wọ́n dìde. Kì í ṣe ariwo nìkan ni agbára wọn. Wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n ń dá owó jọ, wọ́n sì mọ ẹni tí yóò bá wọn sọ̀rọ̀ níwájú ìjọba. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ẸNI TÍ Ó FẸ́ BẸ̀RẸ̀

Èkíní, kọ́kọ́ ka èrò. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, lọ dúró sí èbúté náà lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mú ìwé kékeré kan lọ́wọ́. Kọ iye ọkọ̀ tí ó dé, iye ènìyàn tí ó ra nǹkan, àti ohun tí wọ́n rà. Wo ohun tí wọ́n ń béèrè tí wọn kò rí. Ohun tí a kò rí rà ni ọjà tìrẹ. Bí o bá rí i pé ènìyàn mẹ́wàá ni ó ń ta ìrẹsì, kí ni ìwọ náà fẹ́ fi ìrẹsì kọkànlá ṣe?

Èkejì, mọ èrè yàtọ̀ sí owó ọjà. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Bí o bá ra ohun ọbẹ̀ àti oúnjẹ ní ₦40,000, tí o sì tà á ní ₦52,000, má ṣe sọ pé o jèrè ₦12,000. Yọ ₦2,500 fún èédú tàbí gáàsì, ₦1,000 fún omi, ₦3,000 fún ọmọ iṣẹ́, ₦1,500 fún ilẹ̀, àti ₦1,000 fún ọkọ̀ tí o wọ̀. Ohun tí ó kù ni ₦3,000, a kò sì tíì ka àwo oúnjẹ tí àwọn ọmọ rẹ jẹ. Ẹni tí kò bá ṣe ìṣirò yìí yóò máa ná ojú owó rẹ̀, yóò sì rò pé èrè ni òun ń ná. Má ṣe fi owó ilé ìwé ọmọ bẹ̀rẹ̀. Má sì ṣe yáwó elélé láti fi kọ́ àtíbàbà. Èsúsú àti àjọ ṣì wà, a sì ń rí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé.

Ẹ̀kẹta, jẹ́ kí oúnjẹ rẹ ní orúkọ. Àwọn tí ń wá sí Ìkòròdú láti Èkó kò wá jẹ ohun tí wọ́n lè jẹ ní ilé wọn. Ẹja ni ọ̀sà fún wa. Tí o bá fẹ́ ọ̀pọ̀ ẹja, Ẹ̀pẹ́ kò jìnnà, ọjà Olúwo sì ti gba orúkọ nítorí ẹja. Kí o tó sanwó, wo ojú ẹja bóyá ó ń dán, ṣí ìjàgbọ̀n rẹ̀ wò bóyá ó pupa, kí o sì fi ìka tẹ ara rẹ̀. Bí ibi tí o tẹ̀ bá padà sípò, ẹja tútù ni. Bí ó bá jìn sínú tí kò padà, fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín.

Má sì ṣe fojú kéré ìkọ́kọrẹ́, oúnjẹ àwọn Ìjẹ̀bú. Bó ewùrà, fọ̀ ọ́ mọ́, kí o rin ín kúnná, kí o sì bu iyọ̀ díẹ̀ sí i. Gbé ata, àlùbọ́sà, epo pupa, edé àti ẹja gbígbẹ kaná kí ó hó dáadáa. Lẹ́yìn náà, máa fi ọwọ́ bu ewùrà náà sínú ọbẹ̀ ní kóńkó-kóńkó. Dín iná kù, bò ó, má sì ṣe rò ó lẹ́sẹ̀ kan náà, kí ó má baà tú. Nígbà tí ó bá ti jinná tí ó sì ti gan díẹ̀, rọra rò ó pọ̀. Ọmọ Rẹ́mọ tí ó ti pẹ́ ní Èkó yóò rìn wá láti ọ̀nà jíjìn nítorí rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ìmọ́tótó. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì jà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Ìkòròdú sì wà lára àwọn agbègbè tí ó dé. Inú omi àti oúnjẹ tí ó ní ìdọ̀tí ni àrùn náà ń gbà wọ ara. Olóúnjẹ kan ṣoṣo lè fi í ran ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní ọjọ́ kan, kí ó tó mọ̀ pé òun ni. Nítorí náà, má ṣe fi omi ọ̀sà fọ àwo. Má ṣe fi ike omi kan ṣoṣo fọ àwo láti àárọ̀ di alẹ́. Fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ, pàápàá lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ àti lẹ́yìn tí o bá nu ìdí ọmọ. Bo oúnjẹ kí eṣinṣin má bà lé e, kí o sì mú un gbóná janjan kí o tó tún un tà. Ní ayé ìgbà kan, ẹ̀rù wolé-wolé ni ó ń mú wa gbálẹ̀. Lóde òní, kí ó jẹ́ pé ìfẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ni yóò mú wa gbá a.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá sì mú ẹnikẹ́ni nínú ilé, tètè po lítà kan omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù, pẹ̀lú ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí a rẹ́ lórí, àti ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀. Máa fún un mu díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Má ṣe dúró títí di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀karùn-ún ni ọ̀rọ̀ ọtí àti ọ̀rọ̀ ọkọ. Mo mọ̀ pé ọkọ mìíràn kò fẹ́ kí a máa rí ìyàwó òun níbi tí a ti ń mutí. Má ṣe bá a jà, má sì ṣe lọ dá iná lẹ́yìn rẹ̀. Jókòó tì í nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn. Sọ ohun tí o fẹ́ tà fún un, àsìkò tí o óò máa palẹ̀ mọ́, àti ẹni tí yóò máa wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Jẹ́ kí ó bá ọ dé ibẹ̀ kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ọkọ tí ó bá mọ bí owó náà ṣe ń wọlé kì í pẹ́ di olùrànlọ́wọ́. Kí òun náà sì rántí pé ẹni tí ó ń ru igi tí ó sì ń ro ọbẹ̀ láti ìdájí kò yẹ kí ó padà wá ro ti alẹ́ nìkan.

Ní ti ọtí fúnra rẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé kí o ta oúnjẹ, kí o fi ọtí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, bí o bá jẹ́ abiyamọ tí ń fún ọmọ lọ́mú tàbí tí kò ní ẹni tí yóò dúró tì í. Ọtí a máa yára mówó wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń mú àwìn àti ìjà wá pẹ̀lú. Bí o bá sì ń tà á, má ṣe tà á fún awakọ̀ omi, má sì ṣe tà á fún ẹni tí ń dúró láti wọ ọkọ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń pòòyì kò lè dá ara rẹ̀ yọ nínú omi. Àní ẹni tí kò mutí pàápàá, kí ó wọ ẹ̀wù agbéniléfòó rẹ̀ kí ó sì so okùn rẹ̀ pinpin. Ìwọ náà tí o ń gba orí omi lọ ra ọjà, ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́.

Ẹ̀kẹfà ni ìwé àti ẹgbẹ́. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù lọ. Nígbà tí o bá san owó ilẹ̀, gba ìwé ẹ̀rí. Nígbà tí o bá san owó fún ìjọba ìbílẹ̀, gba ìwé ẹ̀rí. Kó gbogbo wọn sínú àpò kan, kí o sì fi wọ́n pamọ́ síbi tí òjò kò lè dé. Ṣí àpótí owó sí báńkì ní orúkọ ara rẹ. Ẹ̀yin olóúnjẹ tí ẹ wà ní èbúté kan náà, ẹ pé jọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ yan alága àti akọ̀wé, ẹ kọ orúkọ ara yín sílẹ̀. Bí ìjọba bá fẹ́ tún èbúté náà kọ́, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ tí katakata yóò dé. Ẹ tètè kọ ìwé, kí ẹ béèrè pé kí a ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú omi ẹ̀rọ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tí ó ní ìwé ọdún márùn-ún lọ́wọ́ ní ọ̀rọ̀ í sọ. Ẹni tí ó ní omijé nìkan, àánú ni a óò fún un, a kò ní í fún un ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹsẹ̀ èrò kò sì ní í dúró síbi kan. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni a ṣí èbúté òkun jíjìn tí ó wà ní Lẹ́kí, ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà ni a sì ṣí ilé ìfọpo Dangote ní agbègbè kan náà. Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ti ń kún fún ọkọ̀ àti òṣìṣẹ́. Bóyá ọmọbìnrin tí o ń pọ̀n sẹ́yìn yìí ni yóò gbé ìkòkò lọ síbẹ̀. Kọ́ ọ ní ìṣirò bí o ti ń kọ́ ọ ní ọbẹ̀ sísè, kí ó lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dúró àti ìgbà tí ó yẹ kí ó ṣí.

Bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń mú oúnjẹ jáde láti inú iná àti èéfín, iṣẹ́ yín kì í ṣe kékeré. Kí ọwọ́ yín má ṣe gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, kí ọjà yín má kùtà, kí omi má ṣe gbé ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó di oṣù tí ń bọ̀ o. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ.